Orúkọ Mi Nínú Ìwé Àwọn Ará Faransé

Massè, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Wọ́n pa àkùkọ nítorí mi lónìí, ẹran rẹ̀ sì há mi lọ́fun.

Láti ọdún tí mo ti kọ ìwádìí mi lórí bí epo pupa ṣe ń kan, kò sí onímọ̀ kẹ́mísírì kankan tó mẹ́nu bà á. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá mẹ́nu bà á, ará Faransé kan ni, nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí mo gbà wọ̀n ọ́n kò tọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e. Bóyá ó tiẹ̀ tọ̀nà. Àwọn ìgò tí mò ń lò nígbà náà...

Àbúrò mi rí orúkọ mi nínú ìwé ọ̀hún. Kò ka ìyókù tó fi gbé e sáré wá bá Bàbá. Kámárádì délégé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, ti wá kí wa kú oríire, ó ti ké igbe ìyípadà ti ìjọba, "Ehuzu!", ó ti mu ọtí sódabì lọ.

Bàbá, tí wọn ò gbọ́ Faransé, na ìwé sí mi: "Ọmọ mi, ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ."

Mo kà á ní Faransé. Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò mi ti sorí kọ́ kí n tó parí.

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ní, "Àmín." Gbogbo ilé sì gbè é.