Omi Tí Pọ́ǹpù Ń Dá Padà Sókè

Ìbòkun,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìkórè ìjọ wa.

Elisha Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Shalom aya rẹ le? Ilé tí ẹ ń gbé ní Dàda Estate, iná kò ní jó o, omi kò ní gbé e lọ. Ti omi yìí gan-an ni mo tẹnu mọ́ jù nínú àdúrà òwúrọ̀ yìí, nítorí ohun tí o bá mi sọ lórí fóònù. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, iṣu ta dáadáa, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Bí mo bá yí fóònù sọ́tùn-ún, àwòrán náà á yí kúrò lọ́wọ́ mi, bí mo bá yí i sósì, bákan náà, títí mo fi gbé e lé tábìlì tí èmi fúnra mi wá ń yí tábìlì po. Ohun tó yé mi ni pé o fẹ́ gbé àpótí onígíláàsì sí pálọ̀, kí o bu omi oníyọ̀ bíi ti òkun sí i, kí o kó ẹja wẹ́wẹ́ àti òkúta tó lẹ́mìí sínú rẹ̀. Omi yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ lókè, yóò gba inú páìpù sọ̀ kalẹ̀ sínú àpótí kejì, wọn yóò sẹ́ ẹ níbẹ̀, pọ́ǹpù yóò sì dá a padà sókè. Mo ní bí o kò bá fẹ́ kó kún jù, ṣebí kí o bù ú kù ni? Ìyá rẹ ní iyọ̀ ti wọ àwọn ẹja náà lára kí wọ́n tó dé ìkòkò. Nígbà tí mo ní wíwò ni o fẹ́ máa wò wọ́n, ó bi mí pé báwo lènìyàn ṣe ń wo ẹja pẹ́ tó.

O ní bí wọ́n bá mú iná lọ, omi inú páìpù á ya wálẹ̀, bí kò bá bá àyè nínú àpótí ìsàlẹ̀, pálọ̀ á di odò, àti pé nítorí rẹ̀ ni o kò fi ní wá ṣe Kérésì. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ pásítọ̀ lọ, ó sì gbàdúrà sí kẹ́ẹ̀gì omi ìyè kan tí mo fi rán Mọ́ṣúdù awakọ̀ sí ọ. Nítorí o ní omi tí kò níyọ̀ ń pa wọ́n, mo da iyọ̀ ìyá rẹ sí i, mo tọ́ ọ wò, ó dùn bí omi ọbẹ̀. Dà á sí àpótí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kún. Ohun tó ń padà bọ̀ wálé gbọ́dọ̀ bá àyè.

Ibi tí mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn dé ni mo gbójú sókè wo yàrá rẹ. Ìyá rẹ ń gbá a láràárọ̀, kò sì gbà kí n kó iṣu sínú rẹ̀. Èmi ti ń bínú sí i tẹ́lẹ̀ nítorí àyè náà, àfi ìgbà tí páìpù rẹ là mí lóye.

Elisha, ojú ìyá rẹ ń ṣe bàìbàì. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ṣùgbọ́n lánàá ó kí ọmọ aládùúgbò, orúkọ rẹ ló sì pè é. O ní páìpù méjì ni o ń ṣe fún omi, kí èkejì lè gbà á bí ọ̀kan bá dí. Ìwọ nìkan la bí.

N ò ní pa òwe odò tó gbàgbé orísun fún ọ, pásítọ̀ ti pa á tán lọ́jọ́ Àìkú. Owó díẹ̀ ni mo ń fẹ́, kí n fi ra páìpù sẹ́nu ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́, fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Kí Olúwa má jẹ́ kí iná lọ ní Dàda Estate. Kó má sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú ìyá rẹ lọ kí o tó dé.

Èmi ni baba rẹ,
Ọdúntán