Ààwẹ̀ Tábà Tí Mo Ń Gbà

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù kọkànlá, 1956.

Mọ̀núrù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Òjò ti dá, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, ṣùgbọ́n ìròyìn ilé kò dùn, nítorí Kàsímù ọ̀rẹ́ mi ti kú. Irú ikọ́ tó ń ṣe mí yìí náà ló pa á. Níbi tí wọ́n ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó ni ọwọ́ mi ti ń wá ìkòkò tábà kiri inú àpò, ojú sì tì mí.

Fọ́tò àyà tí wọ́n yà fún mi ní ọsibítù nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ wà lára ògiri yàrá mi. Ó ṣì ń dùn mí pé mo wé láwàní tuntun lọ, wọn kò sì ya orí mi sí i. Dókítà ní bí n kò bá jáwọ́ nínú tábà, n kò ní pẹ́ láyé. Mo ti jáwọ́, nítorí náà ni mo ṣe ń gbé fọ́tò náà sí oòrùn ní gbogbo Jímọ́ọ̀, mo ń wò ó bóyá èéfín dúdú inú rẹ̀ ti ń mọ́. Kò tíì mọ́. Tíṣà Bọ́lájí tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní fọ́tò kì í yí padà, mo ní kó ṣáà kọ ohun tí mo wí.

Wọ́n ní kí n máa jẹ orógbó, mo jẹ ẹ́, mo fi tábà lé e. Mo ri ìkòkò tábà mi mọ́lẹ̀ nídìí igi obì, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí mo fi hú u jáde. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé nínú Ràmàdáánì, n kì í fẹnu kan tábà títí oòrùn á fi wọ̀. Ni mo bá dá àníyàn ààwẹ̀ tábà nìkan, mò ń jẹ oúnjẹ mi. Ìmáàmù Lùkúmọ̀n ní irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí, mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi ṣe àmín. Bí oòrùn bá wọ̀, n óò sọ fún ara mi pé ó dọ̀la kí n tó ṣínu. Oòrùn mọ́kànlélógójì ló ti wọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ikọ́ kò lọ, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ àná. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́, kí n wá ya fọ́tò mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè sọ lójú rẹ. Lọ́jọ́ tí a jáde ní ọsibítù, o kẹ̀yìn sí mi ní Marina, o ń mu sìgá, o rò pé n kò rí ọ. N kò bínú, mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Èmi ni mo máa ń rán ọ lọ síbi ààrò nígbà tí o wà ní kékeré, pé kí o fi ẹ̀yin iná sórí ìkòkò mi, kí o fà á títí yóò fi ràn, kí o tó gbé e wá. O máa ń wúkọ́ bọ̀, èmi á máa rẹ́rìn-ín. Dárí jì mí. Dá àníyàn tìrẹ láàárọ̀ ọ̀la, kí a jọ gbà á.

Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ ti lóyún. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́, má ṣe rán an ní iná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsàrí.