Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Fi Fẹ́ Gba Pásítọ̀ Wa

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọ̀gá rẹ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, àtẹ̀gùn ilé yín tí o ní ó ga tó bẹ́ẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gbà á? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí o pàdé ọkùnrin tí yóò ní òun fẹ́ràn rẹ, tí kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àmín. Ìyá rẹ dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ní kí n fi àmín kejì sí ìyẹn, nítorí náà, àmín.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ̀ náà kí ọ. Ewúrẹ́ tó jẹ etí báàgì rẹ nígbà tí o wá kẹ́yìn ṣì wà níbí, kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe mú bíírò. Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ni. Díẹ̀ ló kù kí a pàdánù rẹ̀, fóònù rẹ ló sì fà á. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi, torí èmi kì í sọ̀rọ̀ ọmọ mi lẹ́yìn. Lóòótọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo bí ọ, àwọn tí kò mọ̀ wá sì máa ń rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mí, n ó sì bá ọ wí níbi tó bá yẹ.

O rántí Ọjọ́ Ìsinmi tí òjò rọ̀, tí òrùlé ń jò tí pásítọ̀ ń wàásù? O na fóònù sókè nígbà yẹn, mo rò pé o fẹ́ fi bo orí fún òjò ni, àánú rẹ sì ṣe mí torí pé ó kéré. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìyá aránṣọ tòun ti àga rẹ̀ kúrò níbi tí omi ti ń kán sí i lórí, kò sì dá ìwàásù dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀. Àwa kò rí ohun tí ènìyàn ń wò níbẹ̀.

Ìgbà tó yá lo pè wá, tí o ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti rí i nínú fóònù. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán kó tó sáré lọ bá ìyàwó pásítọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ń bọ̀. O kò sọ pé wọ́n ń bọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí nǹkan tó wù ú tí kò ní wá? Ìjọ wa kò sì ju ọgọ́rin ó lé mẹ́ta lọ, bí a bá ka àwọn tó máa ń sùn mọ́ ọn. La bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kun ògiri ní funfun. Bàbá káfíńtà kan bẹ́ńṣì mọ́kànlá, nígbà tí pákó tán, ó yọ ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ fi kan èkejìlá. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi dé, mo lu aago títí apá fi ń ro mí, kí àwọn tó wà lọ́nà lè mọ̀ pé wọ́n ti súnmọ́ wa. Ẹnìkan ṣoṣo ló dé. Ọkùnrin kan tó ń ta bátìrì ni, ọ̀nà ló ṣì. A fi í jókòó sí iwájú, a pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì rí ọ̀nà jáde títí ọ̀sán fi pọ́n. A ṣì ń gbàdúrà fún un di òní.

O tún ní àwọn kan fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí pásítọ̀. Ìyàwó pásítọ̀ kò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ó ní ọkàn àwọn ta ni, ṣé obìnrin ni wọ́n, ṣé wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin yìí níyàwó nílé? Pásítọ̀ búra pé òun kò rí ohunkóhun gbà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀, a sì rí i lára ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Lẹ́tà dé láti oríléeṣẹ́ ìjọ. Wọ́n ní ìjọ ńlá kan ní ìlú yín níbẹ̀ ti wo fídíò náà, irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ìjọ náà ní fáànù lára gbogbo òpó. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan sínú lẹ́tà náà, pé kí akọ̀wé ìjọ, èmi náà nìyẹn, kọ irú ènìyàn tí pásítọ̀ jẹ́ síbẹ̀ kó sì dá a padà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò mọ̀ bóyá yóò lọ tàbí kò ní lọ. Bí ó bá sì lọ, wọn kò ní fún wa ní òmíràn. Wọ́n ní a kéré jù. Wọn yóò ti ilé ìjọsìn wa pa, kí a máa lọ sí èyí tó wà lódìkejì odò. Ìyá aránṣọ yóò dé òdìkejì odò? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọjà.

Ìyá aránṣọ yìí gan-an ló kọ́kọ́ sunkún. Ìwọ lè má mọ̀ pé ní àràárọ̀, kí pásítọ̀ tó lọ sí ibikíbi, ó máa ń yà sí ilé rẹ̀ láti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ méje fún un, torí ojú ìyá kò ríran bẹ́ẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ méje yẹn ni yóò fi ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn onífáànù yẹn ní abẹ́rẹ́.

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ní ibi tí wọ́n bá rán òun ni òun yóò lọ, kí a ṣáà kọ òótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù.

A ṣe ìpàdé. Bàbá káfíńtà ní kí n kọ ọ́ pé ọ̀mùtí ni pásítọ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbé ọ̀mùtí lọ. Mo ní kò mutí rí. Ó ní ṣé èmi ni yóò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn sílẹ̀ ni. Ìyá aránṣọ ní kí n kọ ọ́ pé áńgẹ́lì ni. Bàbá káfíńtà ní bí a bá kọ áńgẹ́lì, ọ̀la ni ọkọ̀ akẹ́rù máa dé wá kó o. Ariwo ta. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀wé kọ. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa níbí, mo kà á tán; bàbá káfíńtà dúró sí ìkẹta, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní òótọ́ ni pásítọ̀ ní kí n kọ, òótọ́ ni n ó kọ.

Wọ́n béèrè ẹ̀bùn tó ní. Mo kọ ọ́ pé ó lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n béèrè àléébù rẹ̀, wọ́n sì fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta! Mo yí i sí ẹ̀yìn, nígbà tí ẹ̀yìn kún, mo fa ewé ìwé kan yọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ pé kò mọ orin kọ, ó sì máa ń kọ ọ́. Òkè téńté ló máa ń gbé e sí, yóò wá fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Pé bí ó bá sọ pé lákòótán, kí ènìyàn má tíì wá bàtà rẹ̀, torí yóò tún un sọ nígbà márùn-ún. Pé ó ti fi gbogbo agbòjò ìjọ ta ènìyàn lọ́rẹ. Pé ó ṣèèṣì fi orúkọ bàbá káfíńtà ṣèrìbọmi fún ọmọ bàbá káfíńtà. Pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní bíréèkì, ẹsẹ̀ ló fi ń dúró. Pé nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ dá, ó wá bá mi ro oko, ó sì hú gbogbo ohun tí mo gbìn pẹ̀lú koríko, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá lójoojúmọ́, n kò sì lè ní kó má wá mọ́.

Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ìlà yí ibì kan ká bí àpótí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé fún lílò ọ́fíìsì nìkan. Inú mi dùn sí ìyẹn. Bàbá káfíńtà fẹ́ fọwọ́ sí i níbẹ̀, mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ṣé kò rí i kà ni, ṣé òun ni ọ́fíìsì? Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni a ní, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, tábìlì kan, àga kan, òǹtẹ̀ kan, èmi ni mo sì ń jókòó síbẹ̀. Mo lé gbogbo wọn jáde, títí kan ìyàwó pásítọ̀, torí òfin ni òfin. Mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ “ìpinnu” sínú àpótí náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Mo ronú díẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé kí ó dúró síbi tó wà. Mo lu òǹtẹ̀. Kò hàn dáadáa, mo tún un lù, ìgbà mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ náà pé àwọn ará oríléeṣẹ́ mọyì ènìyàn, wọ́n fi ìpinnu sílẹ̀ fún wa.

Oṣù kan kò tíì pé tí èsì fi dé. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìpinnu ọ́fíìsì, kí ó dúró síbi tó wà. Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an, láìyí ohunkóhun padà! N kò rí àwọn ẹni ńlá tó gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ rí. Mo lu aago lọ́sàn-án gangan, ìyàwó pásítọ̀ sì tú ẹrù.

Pásítọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun rí ohun tí mo kọ. Mo mú ìwé tí mo ti kọ́kọ́ dánra wò jáde. Ó ka àléébù rẹ̀, ojú rẹ̀ ń rẹ̀ wálẹ̀. Ó ka ti orin lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé orí àpótí, ó béèrè ẹni tó kọ nǹkan síbẹ̀. Mo ní ọ́fíìsì ni. Ó ní ọ́fíìsì wo? Mo na ọwọ́ sí àga. Ó jókòó sórí rẹ̀ gbì, ó tún ṣí ìwé náà wò. Mo rò pé orin ló ṣì ń dùn ún. Àfi bó ṣe ní òun yóò lọ sí oríléeṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la láti lọ ṣàlàyé, pé ọkàn òun kò ní gba òun láyè láti dúró lọ́nà yẹn. Mo ní kí ló fẹ́ ṣàlàyé? Mo ní àwọn ènìyàn ti gbà, ó fẹ́ lọ jí wọn. Ilẹ̀ mọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ tún ẹrù dì. Èmi ni mo ń lọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ ní àràárọ̀ fún abẹ́rẹ́. Méjì ni mo rí ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka mi sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá wò mí, ó ní òun yóò máa rán aṣọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba pásítọ̀ yìí, kì í ṣe ìwàásù nìkan ni yóò tán.

Ọjọ́ kẹrin la rí i tó ń bọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè dúró. Ó ní àgbà tó jẹ́ olórí wọn níbẹ̀ ka fọ́ọ̀mù náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wá pe àwọn yòókù kí wọ́n wá gbọ́. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti wà nínú ọ́fíìsì yẹn, kò sẹ́ni nínú wọn tó kọ ìpinnu sínú àpótí náà ní ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù dé rí. Ó ní ìjọ tó mọ gbogbo èyí nípa pásítọ̀ rẹ̀, tó tún lu òǹtẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n má gbé e lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn. Ó béèrè bóyá mo lè wá bá wọn ṣiṣẹ́. Mo ní rárá, ta ni yóò lu aago? Àgbà náà tún ní bí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kí n má fọwọ́ kan àpótí náà. Ìyẹn kò yé mi, ṣùgbọ́n àwọn ẹni ńlá máa ń gbàgbé ohun tí àwọn fúnra wọn kọ.

Ohun kan ṣoṣo ni pásítọ̀ bẹ̀ mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ pa ti orin rẹ́ nínú ìwé tèmi, kí àwọn ọmọ òun má bàa rí i lọ́jọ́ iwájú. Mo kọ̀. Kò mọ orin kọ. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó dá orin fúnra rẹ̀, ó gbé e sí òkè téńté, ó sì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Ó burú, ọmọ mi, ó burú kọjá sísọ. Mo dìde dúró, mo sì gbè é títí dé ẹsẹ kẹfà.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bíréèkì kẹ̀kẹ́, kí o ra abẹ́rẹ́ olójú ńlá fún ìyá aránṣọ, àti yíǹkì òǹtẹ̀, torí èyí tí a ní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sínú àpótí. Bàbá káfíńtà náà ṣì ń wá ilẹ̀kùn. Bí o bá tún wá sílé, tí o rí ohun tó dára nínú ìjọ wa, fi ojú rẹ wò ó, kí o sì dákẹ́.

Kí Ọlọ́run tó pa pásítọ̀ mọ́ fún wa pa ọ́ mọ́ fún mi. Kí ó fi àwọn tí yóò sọ òótọ́ nípa rẹ yí ọ ká, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ lọ. Mo ti lu òǹtẹ̀ tó kù sí ìsàlẹ̀ yìí kí o lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ́fíìsì.