Kúlà Funfun Nílé Oúnjẹ Ìyá Julianah

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025
Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbìmọ̀ ní kí èmi, Tíṣà Ọlọ́rundáre, kọ ojú ewé kan sínú ìwé ayẹyẹ: ilé oúnjẹ mẹ́ta tó ti pẹ́, tí àlejò gbọ́dọ̀ yà. Wọ́n mọ ẹni tó yẹ!

Wẹ́sìdé, 8
Òṣogbo. Ìrẹsì Mikail, nítòsí rélùwéè. Ogójì ọdún ó lé. Mo jẹ àwo méjì — iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni. Ó wọlé sínú ìwé.

Fráìdé, 10
Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Iyán Bándélé. Ó wọlé. Bẹ́líìtì mi ò dé ihò tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́.

Sọ́ńdè, 12
Ẹ̀gúsí Cecilia ìyàwó mi. Ayé dùn.

Mọ́ńdè, 13
Ìyá Julianah, níbí ní Iléṣà. Láti 1979 ló ti ń se ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó ti ilé oúnjẹ náà pa, kó wá sinmi. Ó ní bí orúkọ òun bá wọ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pa ẹnu mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ — ọbẹ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti Cecilia, kò kàn débẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ ogbó.

Tọ́sìdé, 16
Mo sọ fún Kọmísánà (Cecilia náà ni, òun ló ń pàṣẹ nílé) pé Julianah ò wọlé. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Baba Wisdom, ẹ fi orúkọ ìyá yẹn síbẹ̀." Mo ní kí ló kàn án. Ó kó àwo lọ fọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ obìnrin yìí pọ̀ jù.

Sátidé, 18
Mo lọ sọ fún Ìyá Julianah pé kò sí orúkọ rẹ̀. Mo bá kúlà rẹpẹtẹ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé, wọ́n ń dúró de ọbẹ̀. Kálukú pẹ̀lú orúkọ lára. Ti alága ìgbìmọ̀ ló ṣíwájú. Èyí tó tẹ̀ lé e funfun: FÁMÍLÌ ỌLỌ́RUNDÁRE. Ọ̀dà pupa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, kí wọ́n má baà jí i lóde ìnáwó.
Ìyá ní, "Tíṣà, ti ulé rẹ rè é. Gbogbo Sátidé, ọdún kẹrìnlélógún rè é."
Ojú tì mí. Mo jókòó, mo jẹun. Ó dùn gan-an; ìyẹn ló tún burú jù.

Sọ́ńdè, 19
Cecilia gúnyán, ó bu ọbẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ ọbẹ̀ sè tó o nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi." Kò wojú mi.
Mo na ìwé sí i. Julianah ni nọ́ńbà kìíní. Ó kà á, ó pa á dé. Ó ní láti Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni kí n máa gbé kúlà lọ: mo ṣáà ti mọ ọ̀nà, orúkọ mi ló sì wà lára rẹ̀.