Ohùn Yín Nínú Íápíìsì Tuntun

Màmá mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Iléṣà? Èmi ń jẹun dáadáa. Òjò ń wọ yàrá wa ní Ìta Fàájì díẹ̀, ṣùgbọ́n igun tí mo ń sùn sí kì í tutù púpọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alhaji kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta nǹkan fóònù, wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan nínú íápíìsì olówó gọbọi méjì. Ọ̀gá mi ní, "Morádékẹ́, etí ẹ mú, bá Alhaji gbọ́ ọ wò." Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sórí Wasáàpù fún mi ni mo fi dán wọn wò.

Nínú àkọ́kọ́, àfi bíi pé inú ìkòkò lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Èkejì mọ́ gaara. Mo gbọ́ àwọn adìyẹ yín. Mo tún gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, níbi tí ẹ ti ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Eruku wọ mí lójú, mo dúró nù ún.

Alhaji bi mí pé, "Èwo ló dáa jù?"

Mo ní, "Èyí tí kì í bá èèyàn bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà á. Láti ọjọ́ náà, èmi ni ọ̀gá ń ní kí n máa gbọ́ íápíìsì wò fún àwọn oníbàárà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la. Àǹtí Adéníkẹ́ ti ṣèlérí pé àwọn á sìn yín lọ. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì kí gbogbo àwọn tí ẹ bá jọ jókòó de dókítà.

Morádékẹ́ yín