Ìyá Rẹ Lo Ké Pè Nínú Fíìmù Yẹn

Agbo Ilé Ọláníyan,
Ẹdẹ.

Ibtisam ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá. Ọlọ́hun á máa ṣáájú rẹ, á sì máa bò ọ́ lẹ́yìn. Ara mi le díẹ̀, iṣu oko mi ní Alájùé ta dáadáa, àfi ẹ̀wà tí ewúrẹ́ jẹ.

Fíìmù tí o fi sórí fóònù mi ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O ní kí n sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àmọ́ kí o tó pè mí sọ bẹ́ẹ̀, mo ti wò ó, mo sì ti ṣe sàráà òkú rẹ. Má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ ni pé inú igbó ni wọ́n ti rí fóònù tó ya àwòrán náà, pé wọn ò rí ẹnì kankan nínú àwọn tó yà á títí dòní. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Mo rò pé ẹni tó rí fóònù náà ló fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ, o ń sá, o ń mí hẹlẹhẹlẹ, nǹkan kan ń ṣẹ́ igi lẹ́yìn rẹ. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Àáfà Ràṣídì, a din mọ́sà, gbogbo mọ́ṣáláṣí jẹ, wọ́n tọrọ àforíjì fún ọ. Ọjọ́ kejì lo pè, o ní ṣé ó dùn. Bí mo bá ti ń kọjá báyìí, Zakariyah tó ń tún fóònù ṣe á ní, Bàbá Ibtisam, ṣé ọmọ yín ò tíì kú ẹ̀ẹ̀kejì ni, mọ́sà ń wù wá jẹ.

Mo tún un wò. Ibi tó dáa ni pé ẹ ò tètè jẹ́ ká rí ẹranko yẹn, èémí ẹ̀ nìkan là ń gbọ́, àwòrán sì ń mì jìgìjìgì bí ọwọ́ ẹni tẹ́rù ń bà lóòótọ́. Ìgbà tí ẹ wá gbé e síta ló bàjẹ́, mo rí sípù aṣọ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tí ikú ń lé kì í sì í ya àwòrán, á ju fóònù nù ni. Bátìrì tèmi kì í pé wákàtí méjì, tiyín lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó.

Àmọ́ ti bátìrì kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí ẹranko náà gbá ọ lẹ́sẹ̀ mú, ìyá rẹ lo ké pè, ìyá rẹ tó ti wà nínú sàréè láti ọdún mẹ́rin. Èmi tí mo wà láàyè ní Ẹdẹ, o ò dárúkọ mi. Mo fẹ́ bínú, ni mo bá rántí ọjọ́ tí o ní iṣẹ́ fíìmù lo fẹ́ ṣe, tí mo kó ẹrù rẹ síta. O jókòó lé àpótí rẹ, o ń pè mí. Mo gbọ́ ọ. Mo ti fèrèsé. Mo sọ fún ìyá rẹ pé orí ìrun ni mo wà. Irọ́ ni. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mi ò mọ̀ bóyá kí n ka igbe yẹn mọ́ ibi tó dáa tàbí ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá bá ọ. Bí o ò bá fẹ́ rí mi, má fi ránṣẹ́, á yé mi. Ọlọ́hun á dá ọ sí, á fún ọ ní ẹni tó jẹ́ pé bí o bá pè é, á dáhùn.

Èmi ni baba rẹ,
Bùràímọ̀.