Òpó Tó Kẹ́yìn Létí Òkè

Ìyá ọmọ mi,

Mo ti sáré tẹ̀ lé ọmọ wa lọ sórí òkè. Aago méje ni kíláàsì wọn gbéra, wọ́n fẹ́ lọ wo àfonífojì odò láti ibẹ̀. Bó ṣe ń so okùn bàtà ló ní òun máa fẹ̀yìn ti irin tí dádì òun jó yí etí òkè ká, kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó jáde tán ni mo tó rántí.

Mi ò jó òpó tó kẹ́yìn lára irin náà parí, èyí tó wà níbi tí wọ́n ti ń rí odò jù. Epo jẹnẹrétọ̀ ló tán lọ́jọ́ náà. Mo kàn fi iná kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo kùn ún lọ́dà, mo ní màá padà wá. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ẹnu mi ò gbà á sọ.

Fóònù tíṣà wọn ò wọlé. Bí o bá ti ka èyí, ṣáà máa pè é. Má tíì bú mi. Tí mo bá mú un délé, kí o bú mi tẹ́rùn. Tí tíṣà bá gbé e, má ṣàlàyé kankan. Ṣáà ní kó má jẹ́ kí ọmọ wa fẹ̀yìn ti irin tí bàbá rẹ̀ jó.